Àwọn Àgbà Tó Di Ọmọ Ọdún Mẹ́fà

Kí n lọ bẹ ọ̀mọ̀wé yẹn kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fìyẹn sílẹ̀, n kò lọ. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n lọ gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kí wọ́n má baà yọ mí kúrò ní kíláàsì? Mo gbọ́ tiyín, mo lọ. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo lọ jókòó láàárín àwọn tí mo lè bí lọ́mọ, mo ń kọ nóòtì. Kí ló wá dé? Ó fún mi ní òdo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Lọ́jọ́ ìdánwò ìkọ́ni, mo rò pé wọn ó kó wa lọ síbi tí ọmọ wà ni. Ó tì o. Nínú gbọ̀ngàn onífáànù ni, ẹyọ ọmọ kan kò sí níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé tó ń kọ́ wa ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù jókòó, kí wọ́n ṣe bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Onírùngbọ̀n, aláboyún, gbogbo wọn bá di ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọ̀kan ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ọ̀kan ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì. Bí ẹni tó ń kọ́ wọn bá béèrè ọ̀rọ̀, gbogbo wọn a nawọ́, gbogbo wọn a gbà á. Níbo lẹ ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Tèmi á nawọ́, bí mo bá pè é, á ní òun fẹ́ tọ̀.

Ó wá kàn mí. Ọmọdé ṣáà ni wọ́n pe ara wọn, àbí? Mo ní kí onírùngbọ̀n tu ṣingọ́ọ̀mù sínú bébà. Mo gba fóònù. Mo ní kí wọ́n kúrò lórí àga, kí wọ́n wá jókòó yí mi ká nílẹ̀, torí bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà nìyẹn, kí n lè máa wo ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ni mo ṣe tó burú?

Ọ̀mọ̀wé ní mo fi àgbà ṣẹ̀sín. Ó ní n kò dúró síwájú pátákó bó ṣe wà nínú ìwé. Mo ní, sà, ọdún mélòó lẹ fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ó bá ń tún gíláàsì ojú ṣe. Kò kọ́ ẹyọ kan rí! Ẹni tí kò nu imú ọmọ ọlọ́mọ rí ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, ṣé ó lè lákìísà tó àgbà ni?

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Bí òdo yìí bá dúró, ní ìparí táàmù ni wọn ó gba kíláàsì lọ́wọ́ mi, wọn ó gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn tó yege, ẹni tó jẹ́ pé àgbà onírùngbọ̀n nìkan ló ti kọ́ rí. Àwọn ọmọ mi ni yóò jẹ ìyà ẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀bẹ̀, ẹ bá mi jíṣẹ́ fún un. Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, kó wá sí kíláàsì mi. Ọmọ méjìléláàádọ́rin ni wọ́n. Kó kọ́ wọn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré. Bó bá jáde tí ohùn ṣì wà lọ́nà ọ̀fun ẹ̀, màá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé mo ti gbé àga dè é. Àga kékeré ni o, kó má bínú. Èmi á wà lẹ́yìn, pẹ̀lú bírò àti ìwé máàkì.