Ojú Ìwé Kẹrin Nínú Fáìlì Àna Mi

Èmi ni mo jí ojú ìwé kẹrin nínú fáìlì ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ni mo sì gbé e padà síwájú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ dídùn, kó yáa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ọ́fíìsì wa ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ń kó ìwé ohun ìní wọn wá, kí wọ́n má baà máa dìbò fún iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ máa padà wọ àpò tiwọn. Agbálẹ̀ ni mí níbẹ̀ kí n tó di olùtọ́jú fáìlì. N kò lọ ilé ìwé. Bébà tí àwọn ọ̀gá ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni mo fi kọ́ ìwé kíkà.

Ọdún tí àna mi kọ́kọ́ wọlé ìbò sílé aṣòfin, ó kọ òótọ́: ojú ìwé kẹrin sọ pé òun ló ni iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe páìpù omi. Nígbà tí wọ́n wá fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ omi, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ sì gba iṣẹ́ páìpù ìjọba, ó wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní, "Ìyàwó mi, bá mi dáná sun ún. Ta ló ń kà á, yàtọ̀ sí ìwọ?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi òpònú náà bá a rẹ́rìn-ín. Mo yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bébà tó ní lẹ́tà lára, n kì í sun ún. Mo tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ tábìlì mi.

Ẹ dúró ná, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Ayẹ̀wéwò bi mí pé kí ló dé tí ìwé fi fò láti ojú ìwé kẹta sí ìkarùn-ún. Mo ní obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ nù. Wọ́n lé obìnrin náà. Bó ṣe ń kó ife rẹ̀ sínú báàgì, ó na kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ rẹ̀ sí mi: "Bá mi tọ́jú ẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán níbí."

Ọjọ́ tí àwọn tó ń yẹ fáìlì náà wò jókòó láti kéde pé ọwọ́ àna mi mọ́, mo dìde. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ojú ìwé kẹrin rèé. Àna mi ló kọ ọ́, èmi ni mo jí i. Obìnrin tí ẹ lé ò mọ nǹkan kan."

Àna mi wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Agbálẹ̀ lásánlàsàn. Ta ló kọ́ ọ níwèé?"

"Ìdọ̀tí yín ni, Ẹ̀gbọ́n."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gba iṣẹ́ páìpù lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rẹ̀, ó fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀, obìnrin yẹn sì padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó ti dárí jì mí, àmọ́ ó ní òun ò ní fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lé èmi náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo gbé orí sókè jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú fáìlì, ẹ má yọ ìwé ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ti àna yín.

Ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí dàgbà gé àwòrán àwa méjèèjì sí méjì, ó fi apá tèmi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé, "Má wá sílé mi mọ́." Mo kà á. N kò sun ún.