Ẹja Tó Ń Gbààwẹ̀

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ṣì lè gun òkè Shooters Hill láìdúró mí... ẹ gbọ́ o, kì í ṣe ènìyàn dáadáa ni mí nígbà náà. Bàbá àgbà tó ń jókòó jẹ́ẹ́ lẹ̀yin rí. Ẹ ò mọ̀ mí.

Ìwé ò wọ̀ mí lórí. Fọ́ọ̀mù kejì ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́. Mo so okùn agogo ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ọrùn ewúrẹ́. Bí ewúrẹ́ bá ti na ọrùn sí koríko, agogo á dún, gbogbo kíláàsì á tú jáde. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo rẹ́rìn-ín délé.

Mo gbé ìwà yẹn wá sí Lọ́ndọ̀nù. Mo fi darúgbó.

Èmi àti Chikondi la jọ ń fọ ilẹ̀ ọsibítù. Ará Màláwì ni. Àdúgbò Glyndon la jọ ń gbé nígbà yẹn, ìlẹ̀kùn mi kọjú sí tiẹ̀. Ta ló ń ti ìlẹ̀kùn nígbà náà? Lónìí ní Thamesmead yìí, ẹ̀yin mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lókè yín?

Mo fi ojú Chikondi rí nǹkan. Mo sọ fún un pé ọ̀gá wa ti kú. Ó ra káàdì ìbánikẹ́dùn, ó gbé e dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kọ́ ọ pé 'orí ẹ burú' la fi ń kí ìyàwó ilé. Ó wólẹ̀, ó kí màmá yín àgbà bẹ́ẹ̀, ẹnu ẹ̀ dùn bí oyin... Màmá yín ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Chikondi ò bínú. Ó ní, "Ọjọ́ tèmi náà ń bọ̀."

Àpótí dígí ńlá kan wà ní pálọ̀ rẹ̀, ó to òkúta sínú rẹ̀ dé òkè. Ẹja búlúù ń jáde láàárín òkúta. Mo ní, "Ṣé epìyà lo kùn lọ́dà?"

Ó ní, "Ìbátan epìyà ni lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe ti ọbẹ̀ rẹ."

Omi ẹ̀rọ Lọ́ndọ̀nù, tó ń fi ẹfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, tí màmá yín ń bú lójoojúmọ́... omi yẹn gan-an lẹja yẹn fẹ́. Inú adágún ńlá kan ní Màláwì ni wọ́n ti wá, omi ibẹ̀ náà le bẹ́ẹ̀. Chikondi ní láyé ọjọ́un, ilẹ̀ ló ya. Ilẹ̀ là, omi kún ibi tó là. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn débi pé kò sí èémí níbẹ̀, ẹja kan ò lè gbé ibẹ̀. Etí omi, lára àpáta, ni wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ń bímọ. Àpáta kan, ẹ̀yà kan. Yanrìn ló wà láàárín àpáta kan sí èkejì, wọn ò sì jẹ́ la yanrìn kọjá, torí kò sí ibi ìsápamọ́ níbẹ̀. Èyí tó bá tán lórí àpáta tirẹ̀, ó tán nìyẹn.

Ó ní, "Láti orí ọkọ̀ bàbá mi, mo lè ka ẹja àpáta wa, omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Báyìí, àwọ̀n tójú rẹ̀ kéré bí ti aṣọ ni wọ́n fi ń gbá a. Ọmọ, ìyá, gbogbo rẹ̀." Mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ẹja àpáta yẹn. Akọ méjì, abo kan.

Ìyá Chikondi kú. Ó fẹ́ lọ sìnkú. Ó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi, takisí ń fọn fèrè nísàlẹ̀. Ó ní, "Abo yẹn ò ní jẹun o. Má yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ń gbààwẹ̀."

Ààwẹ̀. Ó mọ̀ pé ará Aládùúrà ni wá. Mo ní, "Ṣé wòlíì ni?" Ó yanu láti ṣàlàyé, èmi ti ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọjọ́ tiẹ̀ ló dé, pé ó ń gbẹ̀san. Mo tì í síta, mo ní takisí á lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́sàn-án Sátidé, èmi àti màmá yín wọlé lọ bọ́ wọn. A bá ọmọ ẹja wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀ẹ́ níwájú ìyá wọn. Òjìji wa bọ́ sára dígí. Ìyá lanu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn mì.

Màmá yín ní, "Bàbá Fẹ́mi, ẹ ò rí i? Ó ń jẹ ọmọ ẹ̀. Ààwẹ̀ wo lẹni tó ń jẹ ọmọ ń gbà? Èyí kì í ṣe ẹja lásán."

Mo fi ìpọnbẹ̀ bu ìyá náà. Bó ṣe ń jà, ó tu gbogbo ọmọ sílẹ̀ sínú omi. Mo ní ìdáǹdè ti dé. Mo jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, màmá yín wọ́n omi àdúrà sí i, ó ka Sáàmù.

A ṣì wà lórí Sáàmù nígbà tí àwọn akọ méjì yẹn jáde láti ẹ̀yìn òkúta. Àwọn yẹn ò gbé ọmọ mì láti tọ́jú wọn. Wọ́n jẹ wọ́n. Kò ku ẹyọ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ti léfòó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi tútù ti pa á; omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé.

Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ẹja ní Plumstead ló là mí lójú. Ó ní, "Ẹnu ìyá ni ilé ọmọ wọn, Daddy. Ibẹ̀ ló ń tọ́jú wọn sí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹun. Tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, inú ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń sá sí."

Àwa la dẹ́rù bà wọ́n. Òjìji wa.

Mo pe Chikondi lórí fóònù. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ yìí, nínú ọ̀fọ̀ pàápàá? O ṣeun. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí mo ti dé." Mo gbọ́ tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún ẹbí rẹ̀. Gbogbo ilé ọ̀fọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Chikondi, òótọ́ ni." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó padà, ó gbé báàgì kalẹ̀, ó lọ síbi àpótí tààrà. Ó ní, "Ó dáa, níbo lo kó wọn sí?" Ó wo ẹ̀yìn òkúta. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó gbé òkúta kan, ó gbé òmíràn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbé òkúta. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ tí mi ò tíì sọ?

Nígbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Lórí àpáta wa, kò sí ẹyọ kan mọ́. Mo sọ fún wọn nílé pé ó kù lọ́dọ̀ mi. Akọ méjì ò sì lè bímọ."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Láyé òde òní, ẹ̀ ń tan ara yín jẹ, ẹ̀ ń fi fóònù yà á, gbogbo ayé ń wò ó. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣeré. Àmọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rí i pé ẹnì kan wà láyé tí ẹ ò tan jẹ rí. Ẹnì kan péré. Èmi ò ṣẹ́ ẹnì kankan kù tí á gbà mí gbọ́.