Ìbéèrè Kejìlá

Alága ìjókòó yìí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi ẹsẹ̀ tó ń ro yín gun àtẹ̀gùn wá, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, àti ìyàwó mi tó ti ń wo aago, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí yín lápapọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìfẹ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí, kí n tó fẹ̀yìntì lónìí. Akọ̀wé wa kò jẹ́ kí ìwé ìdánwò mi pẹ́ rí. Ìyá tó ń gbá kíláàsì kò pa ohun tí mo kọ sójú pátákó rẹ́ láìbéèrè. Ẹ ń pè mí ní Bàbá Gírámà, orí mi a sì máa wú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ń yìn, ṣé kò yẹ kó sọ ohun tó mọ̀ nípa ara rẹ̀?

Ní ọdún kan, mo ṣe ìdánwò fún kíláàsì karùn-ún. Ìbéèrè kejìlá dá lórí ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń sọ bóyá èèyàn jáwọ́ nínú nǹkan, tàbí ó dúró kó lè ṣe nǹkan náà. Mo ní dókítà kìlọ̀ sìgá fún bàbá kan. Kí àwọn ọmọ parí ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìwé ìdáhùn tí gbogbo wa fi ń máàkì, èyí tó lòdì ni mo kọ: "stop to smoke", ìyẹn kó dúró kó lè mu sìgá, dípò "stop smoking", kó jáwọ́ nínú rẹ̀.

Tíṣà tuntun kan, tí a ń pè ní Tíṣà Kékeré, mú ìwé náà tọ̀ mí wá nínú yàrá àwọn tíṣà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá tí dókítà kìlọ̀ fún yìí, ẹ ti ní kó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kó tún ṣáná sí sìgá." Tíṣà ìṣirò rẹ́rìn-ín títí tíì tó ń mu fi dà sí i lára. Mo ní, "Ta lo fẹ́ kọ́? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣé wọ́n ti bí ọ?"

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Òun ló jàre. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Mo mọ òwe náà, mo sì kọ̀ ọ́. Ọmọ méjìdínlógún ló dáhùn dáadáa, mo fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹni tó kùnà. Nínú ìròyìn tí mo máa ń kọ lọ́dọọdún lórí àwọn tíṣà abẹ́ mi, mo kọ ọ́ pé Tíṣà Kékeré kò mọ àgbà. Wọ́n gbé e lọ sílé-ẹ̀kọ́ tó jìnnà, tòun ti ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, fún ọdún mẹ́ta gbáko. Àgbà tó rí òótọ́, tó fi ìbínú bò ó mọ́lẹ̀, kí ni ká pè é?

Tíṣà Kékeré, mo rí ọ lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Mo ti kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an fún ọ̀gá. Ó ti wà nínú fáìlì rẹ. Ìyẹn kò lè dá ọdún mẹ́ta padà. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní, "Bàbá, mo ti gbọ́. Ó ti tán. Ẹ jókòó, ẹ ti dúró pẹ́ jù."

Ẹ má pàtẹ́wọ́. Èyí ni àtúnṣe àkọ́kọ́ tí màá gbà lẹ́nu rẹ̀. Mò ń jókòó, ọmọ mi.

Kí ẹni tó máa sọ òótọ́ fún yín má wọ́n yín láé. Kí etí yín má di sí i. Ọmọ tí ẹ kọ́ yóò jù yín lọ, ojú yín á rí i, inú yín á sì dùn. Ẹ̀yin tí ẹ fara dà mí, ẹ ṣé o.