Orúkọ Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìdánwò

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà Inisa tí ẹ péjọ síbí lónìí, dókítà ti sọ ibi tí àìsàn yìí ń gbé mi lọ, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Morákinyọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tí ẹ ń yìn pé ó gbé ìwé ga nílùú yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yìn mí mọ́.

Lọ́dún 1956, ọmọ mẹ́sàn-án péré ló yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́fà. Ìsípẹ́kítọ̀ wá láti Ìkìrun, ó ní bí èsì ọdún tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, òun á gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ mi, òun á sì gbé mi lọ sí Òkukù. Ẹ̀rù bà mí. Dípò kí n jókòó ti àwọn tó kù díẹ̀ káàtó, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni mo gbà: mo ní kí á yọ orúkọ wọn kúrò, kí kìkì àwọn tó mọ̀wé ṣe ìdánwò. Adéjàre, tíṣà tó wà lábẹ́ mi, bi mí pé, "Ọ̀gá, kí la máa sọ fáwọn òbí wọn?" Mo ní, "Sọ pé ìwé ò wọ orí wọn."

Ìdánwò kékeré kan la fi yàn wọ́n. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Àyìnkẹ́; n kò tilẹ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò tí mo fi fagi lé orúkọ rẹ̀, torí pé ó máa ń ti oko pẹ́ dé láràárọ̀. Àtọ́kẹ́, ìyá rẹ̀, kúnlẹ̀ níwájú mi: "Tíṣà, ẹ ṣàánú mi, ọmọ yìí máa ń kàwé o." Mo ní, "Ìyá, olódo lọmọ yín. Ẹ mú un lọ sóko." Àyìnkẹ́ dúró níbẹ̀, ó ń gbọ́.

Èyí tó burú jù ló kù. Ó ku ọjọ́ méjì kí ìwé orúkọ lọ sí Ìkìrun ni mo rí ìwé ìdánwò rẹ̀. Mo máàkì í. Ipò kẹta ló wà nínú gbogbo kíláàsì! Àyè ṣì wà láti dá orúkọ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a padà, gbogbo òbí yòókù á ní kí n mú ìwé ọmọ tiwọn náà wá. Ìkà ni mí. Mo ki ìwé náà bọ iná.

Ogún ọmọ ló ṣe ìdánwò lọ́dún 1957, gbogbo wọn ló yege. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ní Ìkìrun, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Lóṣù kìíní ọdún 1968 yìí, Àyìnkẹ́ fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ wá bá mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi kọ́ eléyìí dáadáa. Bàbá rẹ̀ ló jọ, kò jọ èmi olódo." Mo kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé.

Ẹ̀yin tíṣà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ni kí ẹ kọ́. Ẹ má lé e dànù kí èsì yín lè dára. Àyìnkẹ́, mo rí ọ níbi tí o jókòó sí. O kì í ṣe olódo. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn. Bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o kò bá sì lè ṣe é, ṣáà gbà mí gbọ́.