Bí Mo Ṣe Fura sí Merle Nítorí Ìfági Àlòkù

Alága wa, mo kí yín. Pásítọ̀ tó yá wa ní yàrá abẹ́ ilé ìjọsìn yìí láti ọdún mọ́kànlélógún, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ oníṣẹ́ igi, ẹ̀yin tí ẹ gbé páì wá, mo kí yín, bí mo tilẹ̀ ń fura pé ẹnìkan rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó wá ní òun ló yan án. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ẹ mọ èmi Virgil. N kì í gba nǹkan gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo fi kọ́ gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: bí owó rẹ ò bá tó nǹkan, má wọ ṣọ́ọ̀bù tó ń dán. Ayùn kan, ìfági kan, òòlù kan, òkúta tí wàá fi máa pọ́n irin, ó ti tó. Lọ wá wọn níbi tí àwọn èèyàn ti ń pàtẹ ẹrù àlòkù síwájú ilé láàárọ̀ Sátidé. Fi rúlà lé abẹ́ ìfági náà, gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín, á jẹ́ pé abẹ́ ẹ̀ ò tẹ́jú mọ́, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ fẹ́ rẹ́ ọ jẹ ni. Ọdọọdún lẹ ń mú ìfági tó mú bérébéré wá, témi náà ń wú fùkẹ̀ pé ẹ̀kọ́ mi ló ṣe é.

Àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọkọ̀ Merle Hostetler, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí, níbi ìpàtẹ wọ̀nyẹn. Kò sí Sátidé tí kì í ṣáájú wa dé, á kó ìfági sínú ọkọ̀, á lọ. Kí lẹnìkan fẹ́ fi ogún ìfági ṣe? Ọwọ́ mélòó ló ní? Níbí yìí, léṣìí, lójú gbogbo kíláàsì, mo ní: "Merle, ò ń kó irinṣẹ́ mọ́ àwọn tí ò ní lọ́wọ́, kóo lè tà á lówó gọbọi. Ojú ò tì ẹ́?" Merle dé fìlà ẹ̀, ó jáde. Mo ní, ẹ ò rí i? Ó ń sá lọ!

Láti ìgbà náà, gbogbo ìfági táwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ń mú wá ló ti dógùn-ún. Mo wá fura sí Lorene tó ń pàtẹ ẹrù ládùúgbò wa, mo lọ ká a mọ́lé. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Virgil, baba ìfura! Merle ló ń rà wọ́n, á ha ìdógùn-ún ẹ̀ kúrò, á pọ́n ọn, á dá a padà sórí tábìlì mi. Á ní kí n tà á ní iye tóun rà á, fún ẹni tó bá ṣáà ti fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò. Òun lo wá lé lọ?"

Ojú tì mí. Lóòótọ́, ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n èmi lò ó yó, ọ̀rẹ́ mi ló sì ṣàìsàn ẹ̀.

Merle, mo rí ẹ lẹ́yìn yẹn. Mo fura pé torí páì lo ṣe wá. Mo ṣẹ̀ ẹ́ ní gbangba, ní gbangba náà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí rèé. Mi ò mọ ẹlòmíì tó yẹ kó máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá sì kọ̀, mi ò ní bi ẹ́ nídìí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, irin yín ò ní kú. Ìka yín á pé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fọwọ́ ara wa lé olóore wa jáde.

Merle ti dìde. Ẹ dákun, ẹ yà fún un kó kọjá wá síwájú níbí. Ẹ ṣé o.