Ohun Tí Mo Kọ sí Fọ́ọ̀mù Nùréènì

Ẹ̀yin ará àsàlátù, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kí àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ọdún méjì la ti ń bẹ Ọlọ́run kí Nùréènì padà wálé, ọdún méjì náà ni mo ti ń jókòó láàárín yín bí olóòótọ́. Ó tó gẹ́ẹ́. Èmi Làsísì mọ ohun tó lé e jáde.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni olórí Nùréènì àtàwọn yòókù nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì, nílé-iṣẹ́ wa l'Ọ́gbà. Lọ́jọ́ kan wọ́n kó fọ́ọ̀mù wá, kí oníkálukú sọ bí ọkàn òun ṣe rí: ó dára gan-an, ó dára, tàbí kò dára. Dókítà yóò pe ẹni tí tirẹ̀ kò bá dára. Èmi ni mo ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ ọ́. "Alihamudulilahi," "A dúpẹ́," "Ara le," ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn, títí kan ẹni tí kì í rí oorun sùn. Ará Íńdíà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nìkan ló kọ ọ́ gbàǹgbà pé tòun kò dára. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara rẹ̀ sì yá kó tó padà dé.

Ó wá kan Nùréènì. Ó rọra sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé kò dára. Ayé ti sú mi. Tí mo bá jókòó, omi á kàn máa dà lójú mi."

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ọmọ ẹ ní ọmọ wèrè ni?"

Ó ní, "Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́."

Mo ní mo ti kọ ọ́. Irọ́ ni! "Dára gan-an" ni mo fi àmì sí. Mo rò pé àṣírí ni mo ń bò, èmi àgbà òfìfo lásán.

Èyí tó burú jù nìyí. Àràárọ̀ ló ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì pè mí?" Mà á ní kó ṣe sùúrù. Oṣù méjì gbáko, dókítà sì wà lókè lórí wa níbẹ̀! Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Ó ní, "Wọ́n ti kà á, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ mi ò tó nǹkan." Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Ọjọ́ kejì ló jáde nílé tí a ò rí i mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ọkàn yín bá ń ṣàìsàn, ẹ má fi "a dúpẹ́" bò ó. Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́, ẹ má rán irú mi.

Kaothar, ìyàwó Nùréènì, gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè lo máa ń ṣépè fún ilé-iṣẹ́ pé wọ́n pa ọkọ rẹ tì, èmi ni mo sì máa ń ṣe àmín tó ròkè jù. Wọn ò pa á tì. Wọn ò gbọ́ rárá ni. Mo bẹ̀ ọ́, foríjì mí. Tí o ò bá lè ṣe é, tí o bá tún fẹ́ ṣépè lónìí, orúkọ mi ni kí o pè.