Ìbọn Abẹ́ Bùbá, Ìkọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ẹni tó mọ̀ mí ní Ẹdẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín, yóò ní, "Ó tún ti dé." Mi ò bá a jà. Ẹni tó ti ń ta iyọ̀ láti ìgbà èwe, bó bá gbé ṣúgà jáde lọ́jọ́ kan, ta ni yóò tọ́ ọ wò? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe àwàdà. Bí ẹ bá dé ibi tó pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rín in, ara ọgbẹ́ náà ni. Bàbá ìyàwó mi ti kú. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá la sin wọ́n. Nínú gbogbo àwa tí a fẹ́ ọmọ wọn, èmi nìkan ni mo fi wọ́n sílẹ̀ láìdọ̀bálẹ̀ kí wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé. Ohun tó sì ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé wọ́n mọ ohun tó fà á, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń dúró dè mí títí wọ́n fi lọ.

Ọmọ Ẹdẹ ni mí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá ní pọlitẹ́kíníìkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Òtútù àti ẹ̀wà inú agolo ni mo fi gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí mo padà dé, ìjọba gbà mí síṣẹ́ ọ̀nà. Ojú mi kì í rẹ́rìn-ín bí mo bá ń ṣẹ̀fẹ̀, èyí ló sì ń mú èèyàn kó sọ́wọ́ mi. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọjà Awo, tí mo sọ fún àwọn tó ń wò mí pé ẹ̀rọ náà ń rí ohun tó wà nínú àpò èèyàn. Títí a fi parí iṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ọkùnrin tó gba iwájú ẹ̀rọ náà kọjá láìfi ọwọ́ méjèèjì di àpò ṣòkòtò rẹ̀ mú.

Bàbá ìyàwó mi ní tiwọn kì í ṣe aláwàdà. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ilé ọdẹ sì ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi dípò ìbọn. Ọjọ́ tí mo lọ tọrọ Àníkẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo na gbalaja sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú kóòtù òyìnbó lọ́rùn. Wọ́n jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tí àyà rẹ̀ ṣì mọ ilẹ̀, kò sọnù." Wọ́n fún mi ní ọmọ wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, ẹ jọ̀wọ́, torí òun ló padà wá bá mi.

Kí òmìnira tó dé, nígbà tí ìbò ń bọ̀, tí òṣèlú gbóná bí epo inú agbada, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́sàn-án gangan nígbà tí àwọn jàǹdùkú dá ọkọ̀ mi dúró ní oríta Sẹkọ́nà. Wọ́n bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwàdà yẹn kò tà. Ọmọkùnrin kan tí mo lè bí nínú wọn ní, "Dọ̀bálẹ̀!" Mo dọ̀bálẹ̀. Nínú erùpẹ̀ pupa, pẹ̀lú aṣọ funfun. Ó gbé ẹsẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ní kí n máa kí òun ní bàbá. Mo kí i. Ẹ má bi mí bí mo ṣe kí i dáadáa tó. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Àníkẹ́ pé kòtò tí èmi fúnra mi gbẹ́ ni mo ṣubú sí, a jọ rín in. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àyà mi ti kọ ilẹ̀.

Ìgbà yẹn ni òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá mi ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú rẹ̀. Ó ní ìbọn ìléwọ́ kan, irú èyí tí ọta ń gbé inú àgbá kékeré tó ń yí po. Ìbọn náà kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, èèyàn ì bá pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé, àfi bó bá wo ẹnu rẹ̀: ẹnu náà fẹ̀ débi pé ìka ìfábẹ̀lá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá mi ní, "Ìbọn ńlá tí wọ́n gé kúrú ni. Ẹni tó bá bà kò ní bèèrè ohun tó ba òun." Mo rà á, mo gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, mo sì ń mí bí ọkùnrin padà.

Oko bàbá mi lọ́nà Ara ni mo ti lọ ń kọ́ bí a ṣe ń yìn ín. Mo gbé agolo kẹrosíìnì sórí kùkùté ọ̀pẹ, mo na ọwọ́ kan jáde, mo dúró bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ìró àkọ́kọ́, gbogbo ẹyẹ oko fò, ọwọ́ mi náà fò, ìbọn gbá fìlà mi dà nù. Agolo kò mira. Bí ìbọn bá kúrú báyẹn tí ọta rẹ̀ sì tóbi, bí ìbaaka ló ń tàpá. Ṣùgbọ́n mo tẹra mọ́ ọn. Mo kọ́ láti fi ọwọ́ méjèèjì dì í, láti dẹ èjìká, láti fa ohun tí a fi ń yìn ín wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń fa etí ọmọ tó fẹ́ràn, títí agolo fi ń fò. Ṣé kí n wá purọ́ fún yín? Ó dùn mọ́ mi. Òórùn ẹ̀tù yẹn, ìwúwo yẹn lọ́wọ́ mi! Gbogbo agolo tí mo yìn, ojú ọmọ Sẹkọ́nà yẹn ni mo rí lára rẹ̀. Mo ní ṣebí ọmọ Ẹdẹ ni mí, ìlú tí ọlọ́fà iná tẹ̀ dó, ẹ̀jẹ̀ ló ń pè mí. Mo gbàgbé pé ọlọ́fà iná kò fi ọfà rẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ aṣọ.

Pípa á mọ́ gan-an ló ṣòro. Ẹni tó ń wọ agbádá mọ̀ pé apá aṣọ kì í dúró, ìgbà gbogbo là ń ká a lé èjìká. Bí ìbọn bá wà ní ìhà, gbogbo ayé ni yóò rí i. Mo ní kí wọ́n ran àpò awọ kan fún mi, mo so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ìdodo, lábẹ́ bùbá, níbi tí ikùn mi yọ bò ó dáadáa. Bí mo bá dúró, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Bí mo bá jókòó, kò burú. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, òyìnbó tó tà á fún mi kì í dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni! Ó kìlọ̀ fún mi pé ìbọn náà ti dàgbà, kí n má ṣe jẹ́ kí nǹkan tẹ̀ ẹ́ tàbí kó gbá a, torí ó lè dáhùn láìpè é. Kò sọ ohun tí ọkọ ọmọ Yorùbá yóò ṣe bó bá fi ikùn lélẹ̀ lórí rẹ̀, tí ẹnu ìbọn sì kọjú sí ibi tí mi ò ní dárúkọ.

Àníkẹ́ rí i láìpẹ́. Ó ní, "Bàbá Wálé, kí lẹ dì mọ́ ikùn yẹn?"

Mo ní, "Ìgbànú ẹ̀yìn ríro ni. Dókítà ló ní kí n máa lò ó."

"Ẹ̀yìn ló ń ro yín, iwájú lẹ wá di ìgbànú sí?"

Mo ní ibẹ̀ ni àrùn náà máa ń gbà jáde. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó padà sídìí oúnjẹ tó ń sè. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Ọjọ́ ọdún tuntun, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo àwa ọkọ ọmọ tò síwájú Bàbá gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Àwọn yòókù balẹ̀ gbìì. Èmi tẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀pẹ tí atẹ́gùn fẹ́, mo fi ọwọ́ kan di ikùn, mo fi ìka kan kan ilẹ̀. Délé, àbúrò ìyàwó mi, pariwo pé, "Àna wa, ilẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ o!" Mo ní, "Ẹ má bínú. Irin ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn mi ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò sì fi epo sí i." Ilé wó fún ẹ̀rín. Bàbá nìkan ni kò rín. Wọ́n wo ọwọ́ mi tó di ikùn mú, wọ́n ní, "Ó dáa. Olúwa á bá ọ fi epo sí i."

Nígbà tí mo tún padà lọ kí wọn, mo rí ìkọ́ irin tuntun kan lára òpó ẹnu ọ̀nà. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ìkọ́ rèé. Ohun tó bá wúwo lára rẹ, fi kọ́ ọ kí o tó wọlé." Mo dúpẹ́, mo ṣí fìlà, mo fi kọ́ ọ. Wọ́n wo fìlà, wọ́n wò mí. "Ṣé fìlà ló wúwo jù?" Mo ní, "Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú orí mi ni, Bàbá." Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìgbàkígbà tí mo bá dé, wọ́n á nawọ́ sí ìkọ́, màá fi fìlà kọ́ ọ, màá tẹ̀ díẹ̀, a ó jókòó. Mo tiẹ̀ ń sọ káàkiri ibi iṣẹ́ pé àna mi ti ń kọ́ ẹ̀fẹ̀ nígbà ogbó.

Ìgbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, Àníkẹ́ ti lọ ń tọ́jú wọn. Ọ̀sán kan, wọ́n ránṣẹ́ sí mi níbi iṣẹ́ pé kí n yà kí n wá gba àdúrà. Mo gba ibẹ̀ lọ tààrà pẹ̀lú ohun tó wà lábẹ́ bùbá mi. Bàbá wà lórí ẹní, ara wọn ti gbẹ bí ìṣẹ́pẹ́. Wọ́n ní, "Dọ̀bálẹ̀, kí n gbé ọwọ́ lé ọ." Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, kí lẹ̀ bá ṣe? Mo kúnlẹ̀. Ọkùnrin bí èmi kúnlẹ̀ bí obìnrin, mo sì ṣẹ̀fẹ̀ sí i, mo ní, "Ọmọbìnrin yín ni mí lónìí, Bàbá." Kò sẹ́ni tó rín. Bàbá na ọwọ́ wọn. Kì í ṣe orí mi ni wọ́n gbé e lé. Wọ́n gbé e lé ikùn mi, lórí bùbá, lórí irin náà, wọ́n rọra lù ú bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin méjèèjì."

Mo dìde, mo jáde síta, mo dúró níwájú ìkọ́ yẹn. Ó yé mi wàyí. Ohun tí mo ní láti ṣe kò ju kí n ká bùbá sókè, kí n yọ ọ́, kí n gbé e kọ́, kí n padà wọlé kí n na gbalaja. Ṣùgbọ́n àwọn mọ̀lẹ́bí kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, Délé wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń retí ẹ̀fẹ̀ tí màá ṣe. Ojú tì mí. Mo ní ọ̀la ni, ọ̀la ni mo máa wá láìní nǹkan kan lára. Mo ṣí fìlà, mo fi kọ́ ìkọ́, mo tún yọ ọ́, mo lọ. Wọ́n rín ẹ̀rín tí wọ́n ń retí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi wá sọ fún mi pé Bàbá ti lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Àníkẹ́ tó là á fún mi. Ó ní, "Èmi ni mo sọ fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, ta ni ǹ bá sọ fún? Wọ́n ní kí n má bá yín jà. Wọ́n ní nílé ọdẹ tí wọ́n ti bí àwọn, ọdẹ kì í gbé ìbọn wọlé kí bàbá rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń gbé e kọ́ sí kó tó dọ̀bálẹ̀. Bí àwọn bá bi yín léèrè, ojú á tì yín. Bí àwọn bá kan ìkọ́, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kàn án, wọ́n tiẹ̀ fi òòlù pa ara wọn níka. Ẹ̀yin wá ń fi fìlà kọ́ ọ." Kò sunkún. Ó ń ká aṣọ bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo ti fa ìbọn náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. N kò yìn ín sí ẹnikẹ́ni rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olè tàbí jàǹdùkú tó tún dá mi dúró. Ẹnì kan ṣoṣo ló bà, kò sì ró. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bọ́ ọ kúrò, mo rí ohun tó burú jù. Mo rí i pé bí ìbọn náà kò bá tiẹ̀ sí níbẹ̀, bóyá ni ǹ bá dọ̀bálẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ Sẹkọ́nà yẹn ṣì wà lẹ́yìn mi. Mo mú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí bàbá, mo fi gbẹ̀san lára ọmọ ìta. Irin abẹ́ bùbá kàn jẹ́ àwáwí tó dùn ún dì mú ni.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo lọ sí ilé náà. Délé ni olórí ibẹ̀ báyìí. Mo jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àna kì í kéré. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bọ́ agbádá, mo na gbalaja síwájú rẹ̀, àyà kan sìmẹ́ńtì. Ó tutù. Délé bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ dìde o, ẹ̀gbọ́n! Irin Lọ́ńdọ̀nù ti gba epo! Ta lẹ tún fẹ́ tàn jẹ lónìí?" Gbogbo ilé rín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ tí wọn kò ní rín. Àníkẹ́ nìkan ni kò rín. Ó gbé fìlà mi tó já bọ́ nílẹ̀, ó wo ìkọ́, ó sì fi fìlà náà sábẹ́ apá rẹ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún Délé pé mo ń gbé ìbọn wọ ilé tó fún mi ní aya, kí ó lè mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀? Àbí kí n jẹ́ kí wọ́n máa rín, kí orúkọ Bàbá àti tèmi sùn? Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ohun tí ẹ ó fi dáàbò bo ara yín, mi ò ní kí ẹ má wá a, ayé le. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó so ó mọ́ra, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí nǹkan náà kò ní jẹ́ kí ẹ lè dọ̀bálẹ̀ fún mọ́. Mo máa ń kọjá níwájú ilé náà bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ìkọ́ náà ṣì wà lára òpó. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.